Àwọn Ajá Mẹ́rin Bàbá Ládàánì

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ bàbá àgbà mi, àáfáà mẹ́ta ló wàásù. Ẹni àkọ́kọ́ ní Bàbá jẹ́ káfíńtà olóòótọ́ tí kì í fi pákó tútù kan ilẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni. Ẹnì kejì ní ogún ọdún ni Bàbá fi jẹ́ ládàánì mọ́ṣáláṣí wa ní Ìgándò, tí wọ́n ń pe àdúgbò sí ìrun lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Ẹnì kẹta sunkún díẹ̀, ó sì jókòó. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ, mo sì ń ṣe àmín sí i. Àmọ́ kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dárúkọ ajá. Bẹ́ẹ̀ àwọn ajá Bàbá tó kù wà lẹ́yìnkùlé ní gbogbo àsìkò yẹn, tí wọ́n ń gbó níbikíbi tí àwa èèyàn bá ti ń ṣe àmín.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi Bàbá tọ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí wọ́n mú mi wá sọ́dọ̀ wọn. Lọ́dọ̀ wọn ni mo ti ka Kùránì parí, lọ́dọ̀ wọn náà ni mo sì ti kọ́ bí ajá ṣe ń bá ajá ṣeré. N kò mọ èyí tó wúlò fún mi jù nínú ẹ̀kọ́ méjèèjì, kí Ọlọ́run má sì jẹ́ kí n ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Kí Ó tẹ́ ilẹ̀ fún Bàbá, kí Ó fi ìmọ́lẹ̀ sí i, kí Ó sì gbà mí láyè kí n sọ èyí tí àwọn àáfáà fò.

Ajá mẹ́rin ni. Tańmọ̀la ni àgbà wọn, abo pupa tó ń rìn bí ìyálé tó ti gbọ́ gbogbo ẹjọ́ ilé tán. Jẹ́jẹ́ ló tóbi jù, akọ dúdú tí orí rẹ̀ dà bí odó. Bàbá sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́ torí pé kò ṣe nǹkan kan ní jẹ́jẹ́ rí láyé rẹ̀. Ọmọṣẹ́ ni ẹ̀kẹta, akọ funfun. Ohun tí Jẹ́jẹ́ bá ṣe lòun náà máa ń ṣe, bí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Ẹ̀kẹrin ni Bóyá. Obìnrin kan tó ń ṣa ike ní ààtàn Sólúùsì ló gbé e wá nínú àpò, ó ní òun rí i lábẹ́ páànù. Kò tóbi ju bàtà lọ, ó sì ń gbọ̀n. Màámà, ìyá àgbà mi, wò ó, wọ́n ní kò ní yè. Bàbá ní, "Bóyá á yè." Ó yè. Orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ẹ̀sìn wa á ti máa bi ara rẹ̀ pé kí ni ládàánì ń fi ajá mẹ́rin ṣe. Ìbéèrè tí gbogbo mọ́ṣáláṣí ń bi ara wọn nìyẹn. Ẹ̀sìn fàyè gba ajá tó bá ń ṣiṣẹ́: èyí tó ń ṣọ́dẹ, èyí tó ń ṣọ́ ẹran ọ̀sìn, èyí tó ń ṣọ́ oko. Ajá tí èèyàn kàn ń sìn fún ìgbádùn ni kò fàyè gbà. Bàbá mọ òfin yìí ju àwọn tó ń kà á fún wọn lọ, nítorí náà wọ́n pín iṣẹ́ fún gbogbo ajá ilé.

Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn Àlàásárì, àwọn ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí rán èèyàn méjì wá wo iṣẹ́ náà. Alhaji Ṣùbérù, alága, ló ṣíwájú. Ọkùnrin gàgàrà ni, ohùn rẹ̀ sì máa ń dé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Ẹnì kejì ni Àáfáà Músílíù, télọ̀ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí. Òun ló ń dúró bí igbákejì fún Bàbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bàbá kì í fún un láyè kó pe ìpè kankan. Ibà kì í dá Bàbá dúró, òjò kì í dá wọn dúró. Àfi tí wọ́n bá rìnrìn àjò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni Àáfáà tó ń fọwọ́ kan gbohùngbohùn.

"Bàbá Ládàánì," Alhaji bẹ̀rẹ̀, "ajá mẹ́rin ti pọ̀ jù."

"Iṣẹ́ ló pọ̀, Alhaji."

"Iṣẹ́ wo?"

Bàbá kó wọn lọ sẹ́yìnkùlé. "Tańmọ̀la nìyẹn, géètì ló ń ṣọ́. Jẹ́jẹ́ ń ṣọ́ pákó mi. Ọmọṣẹ́ ń ṣọ́ adìyẹ Màámà."

Gbogbo wa wo Ọmọṣẹ́. Ó sùn fọnfọn. Adìyẹ kan dúró lórí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń wò wá.

"Adìyẹ ló ń ṣọ́ ajá yẹn o," Alhaji wí.

"Wọ́n máa ń gbà á fún ara wọn ni," Bàbá dáhùn láìrẹ́rìn-ín.

"Èyí kékeré ńkọ́, tó ń lé ìrù ara rẹ̀ yìí?"

"Òun ló ń ṣọ́ àwọn mẹ́ta yòókù, kí wọ́n má bàa sùn lẹ́nu iṣẹ́."

Bóyá fi ìrù rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni pé ó gbọ́. Ó na ọwọ́ iwájú méjèèjì mọ́lẹ̀ níwájú Jẹ́jẹ́, ó gbé ìdí sókè, ó sì sín. Kò tíì sín tán tí Jẹ́jẹ́ fi já lù ú. Wọ́n yí gbiri nínú ìyẹ̀fun pákó, ọ̀kan gé etí ọ̀kan jẹ, ọ̀kan gé ọrùn ọ̀kan jẹ, wọ́n ń kùn bí ẹ̀rọ ọlọ. Ọmọṣẹ́ jí, ó bọ́ sí i. Adìyẹ fò lọ. Nígbà tí eruku rọlẹ̀ díẹ̀, a rí Alhaji Ṣùbérù lórí òkìtì pákó, ó ti ká aṣọ rẹ̀ dé orúnkún.

"Wọ́n ń pa ara wọn, Bàbá. Ẹ da omi lù wọ́n."

"Wọn ò pa ara wọn. Ẹ sọ̀kalẹ̀ kẹ́ ẹ wò wọ́n dáadáa."

Alhaji kò sọ̀kalẹ̀. Orí pákó yẹn ló ti dájọ́: kí Bàbá máa sin ajá wọn, àmọ́ ọjọ́ tí ajá bá dí wọn lọ́wọ́ ìpè ẹyọ kan péré, kí wọ́n fi iṣẹ́ ládàánì sílẹ̀ fún Àáfáà Músílíù. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń pariwo sí i bó ṣe ń sọ ọ́. Àáfáà Músílíù kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń wo ilẹ̀.

Bàbá ní, "Mo gbà."

Ìpè yẹn ni ayé Bàbá. Èèyàn lè gba òòlù lọ́wọ́ wọn, wọ́n á wá òmíràn, àmọ́ mi ò mọ ohun tí wọ́n á jí fún tí kì í bá ṣe láti pe Àsùbáà. Nígbà tí àwọn àlejò lọ, mo ní, "Bàbá, Alhaji yẹn le o." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Alhaji ń ṣeré ni. Èyí tó dákẹ́ yẹn ni kó o máa wò."

Ibi tí wọ́n ti kọ́ ọgbọ́n yẹn ni mo fẹ́ sọ. Lójoojúmọ́, láàárín Àlàásárì àti Màgàrìbí, Bàbá máa ń jókòó sórí tábìlì iṣẹ́ wọn, wọ́n á sì máa wo àwọn ajá bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń wo bọ́ọ̀lù. Èmi náà á jókòó tì wọ́n. Wọ́n á ní kí n má wo eyín, kí n wo ara. Ajá tó ń ṣeré, ara rẹ̀ máa ń rọ̀, ẹnu rẹ̀ máa ń là sílẹ̀, á fò kọjá ibi tó yẹ kó fò dé, á ṣubú láìnídìí. Eyín rẹ̀ á kan awọ, kò ní wọlé. Bí wọ́n bá ṣe é títí, wọ́n á dúró lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn á lọ mumi, wọ́n á gbọn ara, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ti Jẹ́jẹ́. Bó ṣe tóbi tó yẹn, tí Bóyá bá fi orí kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́, á dojú ikùn sókè, á jẹ́ kí Bóyá gun òun láyà, kó máa gé òun jẹ lágbọ̀n bí akọni. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà, mo ní irọ́ ni Jẹ́jẹ́ ń pa.

"Kí ló dé tó fi ń ṣubú fún un?"

"Tí kò bá ṣubú fún un lónìí," Bàbá wí, "ta ló máa bá a ṣeré lọ́la?"

Tańmọ̀la kì í ṣe irú eré bẹ́ẹ̀. Ó máa ń dùbúlẹ̀ sẹ́nu géètì, á fi ojú kan ṣọ́ wọn. Bí eré bá fẹ́ le jù, á dìde, á gba àárín wọn kọjá bí ẹni tó kàn ń lọ sọ́jà. Kò ní gbó, kò ní gé ẹnikẹ́ni jẹ. Wọ́n á sì tú ká. Bàbá fẹ́ràn rẹ̀ jù gbogbo wọn lọ, wọn ò sì fi bò. "Bí ìgbìmọ̀ bá ní Tańmọ̀la kan," ni wọ́n máa ń sọ, "ìpàdé ò ní pẹ́ tó báyìí."

Màámà ò fẹ́ràn ajá, tàbí kí n sọ pé wọ́n ní àwọn ò fẹ́ràn ajá. Gbogbo Sátidé ni Bàbá máa ń lọ sí Ṣáṣá lọ ra fùkù fún àwọn ajá, wọ́n sì ní ìkòkò tí wọ́n fi ń sè é. Ní Sátidé kan, Bàbá ò rí ìkòkò ajá, ni wọ́n bá gbé ti ọbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Màámà sọ lọ́jọ́ yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ kí Àìlà tó wọlé, kò sì parí títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀. Wọ́n ní àwọn máa kó ẹrù lọ sílé bàbá àwọn. Wọ́n ní kí Bàbá fẹ́ Tańmọ̀la. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún torí mo rò pé ilé ti tú. Bàbá fà mí mọ́ra, wọ́n sì tọ́ka sí àwọn ajá tó ń yí nínú iyẹ̀pẹ̀.

"Wo ẹnu wọn. Ó là, àbí ó pa dé?"

"Ó là."

"Wá wo ti Màámà ẹ."

Màámà gbọ́. Wọ́n fẹ́ bínú sí i, ẹ̀rín ló jáde. Wọ́n ju síbí lu Bàbá, kò bà wọ́n. Bàbá wá sọ fún mi pé, "Ọjọ́ tí Màámà ẹ bá dákẹ́, wá pè mí, ibi yòówù kí n wà."

Òfin kan wà nílé tí kò sí ajá tó gbọdọ̀ rú u. Bàbá fi ọ̀dà pupa fa ìlà sí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé. Ìsàlẹ̀ ìlà ni ti ajá, òkè ìlà ni ti ìrun: ẹní, búútà àlùwàlá, aṣọ mímọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, gbogbo ajá ti mọ̀ ọ́n, wọ́n á dùbúlẹ̀ sílẹ̀, imú wọn á wà létí ìlà náà gẹ́lẹ́. Bóyá nìkan ni kò gbà. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ á gbé ọwọ́ kan kọjá ìlà, á sì wo ibòmíràn bí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ló ni ọwọ́ náà. Bàbá á wúkọ́. Bóyá á gbé ọwọ́ padà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, á tún gbé e. Màámà ní kí Bàbá fi ọ̀pá lé e sọ́nà. Bàbá ní, "Kò tíì rú òfin. Ìbéèrè ló ń bi mí."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti itọ́ ajá náà, torí pé á bọ́ sójú ọ̀rọ̀ láìpẹ́. Àwọn àáfáà ò fẹnu kò lórí rẹ̀. Àwọn kan ní ibi tí itọ́ ajá bá kàn, kí èèyàn fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀meje, kí ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú erùpẹ̀. Àwọn mìíràn ní abọ́ tí ajá bá fi ẹnu sí nìkan ni ọ̀rọ̀ náà wà fún, pé itọ́ kì í ba aṣọ jẹ́. Nígbà tí Alhaji Ṣùbérù ń fi itọ́ halẹ̀ mọ́ Bàbá, Bàbá gbé ìwé jáde, wọ́n fi èrò tó rọrùn yẹn hàn án, Alhaji sì pa ọ̀rọ̀ itọ́ tì. Àmọ́ bí ajá bá lá Bàbá lọ́wọ́, ẹ ó rí wọn lẹ́yìnkùlé tí wọ́n ń ka ení títí dé èje, pẹ̀lú erùpẹ̀. Mo ní kí ló dé. Wọ́n ní, "Ìrọ̀rùn yẹn, àwọn ajá ni mo gbà á fún. Mi ò gbà á fún ara mi."

Mo wá dé ibi tí kò wù mí láti dé.

Ní ọjọ́ mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn Ràmàdáànì, Bàbá máa ń wọ ìtìkáàfù. Mọ́ṣáláṣí ni wọ́n á máa gbé, níbẹ̀ ni wọ́n á ti máa jẹ, ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa sùn, wọn ò ní wálé títí a ó fi rí oṣù ọdún. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, èmi ni wọ́n fi àwọn ajá lé lọ́wọ́. Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé kéwú, mo sì gbà pé mo mọ ìdájọ́.

Ní ọjọ́ kejì, Jẹ́jẹ́ fi ẹnu gbá Bóyá lọ́rùn mú, ó yí i nínú ẹrọ̀fọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Bóyá ké ẹ̀ẹ̀kan. Gbogbo ohun tí Bàbá kọ́ mi fò lọ lórí mi. Mo kàn rí alágbára tó ń jẹ aláìlera níyà nínú oṣù ọlọ́wọ̀. Mo fi ṣéènì so Jẹ́jẹ́ mọ́ igi máńgòrò, mo sì wàásù fún un. Jẹ́jẹ́ gbọ́ wàásù náà pẹ̀lú sùúrù. Bóyá tí mo gbà sílẹ̀ wá síwájú ẹni tó ń jẹ ẹ́ níyà, ó na ọwọ́ mọ́lẹ̀, ó gbé ìdí sókè. Jẹ́jẹ́ fò, ṣéènì fà á padà lọ́rùn. Bóyá rò pé eré tuntun ni, ó tún padà wá.

Bí mo ṣe tún ilé ṣe nìyẹn. Kò pẹ́ tí Ọmọṣẹ́ fi mọ ibi tí ṣéènì parí sí. Ó ń gbé oúnjẹ rẹ̀ lọ síbẹ̀, ìṣísẹ̀ kan péré sí Jẹ́jẹ́, á jẹun díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, ó gbé àgbọ̀n lé Tańmọ̀la léjìká. Tańmọ̀la yọ eyín sí i, Ọmọṣẹ́ kò gbé àgbọ̀n kúrò. Ní ọjọ́ kẹjọ, Tańmọ̀la ti fi ẹnu géètì sílẹ̀, ó ń sùn sẹ́yìn òkìtì pákó, Ọmọṣẹ́ ló wà lẹ́nu géètì. Ẹnikẹ́ni kì í ṣeré mọ́. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Màámà ní àwọn ò gbádùn ilé tó báyìí rí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún àlàáfíà.

Ọjọ́bọ̀ ni ọdún ìtúnu ààwẹ̀ bọ́ sí. Mo ti tú ṣéènì lọ́rùn Jẹ́jẹ́ kí Bàbá tó dé, torí pé ní ọjọ́ ọdún gbogbo ajá ló máa ń wà ní àgọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí àlejò. Bàbá fúnra wọn ló gbé eegun ẹran lọ fún wọn. Wọ́n padà wá, wọ́n wò mí, wọ́n sì lọ fọ ọwọ́ wọn.

Ọ̀la ọdún jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Bàbá wọ jàlábíà funfun tuntun tí Àáfáà Músílíù rán fún wọn. Wọ́n ti ṣe àlùwàlá, wọ́n ń fi tùràrí sára. Wọ́n ní, "Sìdíkátù, tú wọn sílẹ̀, wọ́n ti jókòó tó." Mo sì tú wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí n lè tètè parí.

Jẹ́jẹ́ jáde, kò gbó. Kò sá, kò ju ìrù. Ara rẹ̀ le bí pákó, ẹnu rẹ̀ pa dé. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ bá Ọmọṣẹ́ lẹ́nu géètì, kò sì sí ohùn kankan títí eyín fi wọlé. Tańmọ̀la dìde láti gba àárín wọn kọjá bó ṣe máa ń ṣe. Àwọn méjèèjì wó lé e lórí.

Mo pariwo. Bàbá ò pariwo. Wọ́n ré ìlà pupa kọjá pẹ̀lú aṣọ funfun yẹn, wọ́n di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Jẹ́jẹ́ mú.

"Di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Ọmọṣẹ́ mú. Má fọwọ́ kan ọrùn. Fà á sẹ́yìn bí ẹni ń fa ọmọlanke."

Mo fà á. A fà wọ́n ya, a tì wọ́n mọ́ àgọ́. Bóyá ti wà lábẹ́ tábìlì iṣẹ́, ojú rẹ̀ nìkan ló hàn. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé Tańmọ̀la, ìrora ò sì jẹ́ kó mọ ẹni tó ni ọwọ́ náà. Ó gé wọn jẹ lọ́wọ́ ọ̀tún, ó jinlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mọ̀ wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá ibi tó gé jẹ.

Ẹ̀jẹ̀ ń ya láti etí Tańmọ̀la bí omi ẹ̀rọ. Mo ní, "Bàbá, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ ẹ pe ìpè Jímọ̀. Ẹ pààrọ̀ aṣọ kẹ́ ẹ máa sáré lọ. Èmi á tọ́jú ẹ̀."

"O mọ bí wọ́n ṣe ń dá a dúró?"

Mi ò mọ̀ ọ́n. Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ká etí jàlábíà wọn, wọ́n fi tẹ etí ajá náà, wọn ò sì gbé ọwọ́ kúrò. Mo dúró síbẹ̀, mò ń ka ìṣẹ́jú. Mo rí i pé àwọn náà ń kà á. Wọn ò dìde.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dúró, a gbé Tańmọ̀la fún Màámà, tí wọ́n tẹ́ ìró ara wọn sílẹ̀ fún un láìsọ̀rọ̀. Bàbá na ọwọ́. Mo bu erùpẹ̀ sí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í da omi.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ fi ìwé han Alhaji pé itọ́ ò ba nǹkan jẹ́."

"Ẹ̀ẹ̀kan," Bàbá ń kà. "Dà á síbí."

"Bàbá, èmi ni mo so Jẹ́jẹ́ mọ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi so ó."

"Ẹ̀ẹ̀mejì. Mo rí ọrùn ẹ̀ lánàá."

"Kí ló dé tẹ́ ò fi bi mí?"

"Mò ń dúró kó o wá sọ. Èmi náà jẹ̀bi, ó yẹ kí n ní kó o tú wọn sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta."

Ẹ̀ẹ̀kẹrin la wà nígbà tí gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí dún. Kì í ṣe ohùn Bàbá. Ohùn Àáfáà Músílíù ni, ó tinrín, ó mọ́, ó ń gòkè láìkánjú. Mo da omi sílẹ̀. Bàbá gbé orí sókè. Wọ́n ń tún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sọ lẹ́yìn rẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa pé kí ẹni tó bá gbọ́ ìpè máa ṣe. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń ní kí a wá síbi ìrun, Bàbá dáhùn pé kò sí ọgbọ́n, kò sí agbára, àfi lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Wọ́n wá fọ ìyókù dé èje.

A dé mọ́ṣáláṣí nígbà tí wọ́n ti ń ṣe wàásù lọ. Bàbá wọ aṣọ iṣẹ́ tó mọ́, mo ti fi gèlè di ọwọ́ wọn, wọ́n jókòó sẹ́yìn pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí. Èmi wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé àwọn obìnrin, àmọ́ mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bí a ṣe kírun tán, kí ẹnikẹ́ni tó dìde, Bàbá ti dìde. Wọ́n ní ajá dí àwọn lọ́wọ́ ìpè, àdéhùn sì ni àdéhùn. Wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ àpótí gbohùngbohùn ti ládàánì nínú àpò; èyí tó wà lọ́wọ́ Alhaji ni wọ́n fi ṣí i lọ́jọ́ náà.

Alhaji Ṣùbérù ló kọ́kọ́ figbe ta. Ó ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀, pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lòun sọ lórí pákó, pé ta ló ń mú ọ̀rọ̀ ẹni tó wà lórí pákó ní òótọ́. Ó ń bẹ Bàbá pẹ̀lú ohùn tó lè fọ́ páànù òrùlé. Bàbá jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán, wọ́n sì yíjú sí Àáfáà Músílíù.

Àáfáà ò gba kọ́kọ́rọ́ náà. Ó ní, "Bàbá, mi ò lè gbà á. Mi ò bá yín du nǹkan kan rí."

"Mo mọ̀ báyìí," Bàbá wí. "Mo ti ń ṣọ́ yín látìgbà tẹ́ ẹ ti dákẹ́ lẹ́yìnkùlé mi, mo rò pé ẹ fẹ́ gé mi jẹ. Ẹ má bínú. Ojú ajá ni mo fi wò yín."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà gbogbo èèyàn. Bàbá gbé kọ́kọ́rọ́ náà sí Àáfáà lọ́wọ́, wọ́n fi ọwọ́ òsì tí kò dun wọ́n pa ìka rẹ̀ dé lé e.

"Ogún ọdún ni mo fi ń pe àdúgbò yìí," wọ́n ní. "Òní ni mo kọ́kọ́ wà nínú ilé mi tí ẹnì kan pè mí. Mi ò mọ̀ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Mò ń lọ gba abẹ́rẹ́ ní ọsibítù báyìí, àmọ́ màá ti dé kó tó di ìrọ̀lẹ́. Àáfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún pè mí ní Àlàásárì."